Ẹ Fi Òrùlé Kún Ètò Oko Yín
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n sọ

Nígbàkigbà tí a bá pàdé báyìí, irúgbìn àgbàdo tó tètè ń gbó àti ìgbà tó yẹ ká gbìn ín la máa ń sọ, nítorí òjò kò rọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n a ń gbàgbé ohun kan: ilé tí àgbẹ̀ ń sùn.

Lọ́dún kan, mo dé abà opó kan lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò. Ìjì ti ká páànù rẹ̀ lọ. Àgbàdo tó fẹ́ gbìn rin gbingbin. Kó tó rí ẹni bá a kan òrùlé, ó ti hù nínú àpò. Ẹ ò rí i pé òrùlé ló ba oko ọdún náà jẹ́?

Ní 2022, nígbà tí odò Ọya àti Bẹ́núé kún àkúnya, ó lé ní 600 ènìyàn tó kú ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ tiwa, òkè ni. Omi kì í dúró. Àgbàrá ló ń sáré sọ̀kalẹ̀, tó ń jẹ ìdí ògiri. Ìjì ní tirẹ̀ ń bá ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé, ó sì sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá. Bí eré ìjì bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ lórí òrùlé á di ìlọ́po mẹ́rin.

Kí la lè ṣe?

1. Abẹ́ etí òrùlé ni ìjì ń gbà wọlé tó fi ń gbé e. Ẹ má jẹ́ kí etí páànù yọ jù. Kí káfíńtà fi wáyà tó nípọn di igi òrùlé mọ́ ògiri. Ìṣó nìkan kò tó. Kí ìṣó pọ̀ sí i ní etí. Ẹ pààrọ̀ igi tí ikán ti jẹ.

2. Ẹ kan òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́tọ̀, kó má baà fa ti ilé lọ tí ìjì bá ká a.

3. Ẹ gbẹ́ kòtò sí apá òkè ilé, kí àgbàrá gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ fi òkúta ti ìdí ògiri. Ẹ tún ògiri amọ̀ rẹ́ kí òjò tó dé.

4. Ẹ gbin igi sí apá ìlà oòrùn, ṣùgbọ́n kó jìnnà tó, kó má wó lu ilé.

Àwọn opó, àwọn arúgbó tí ọmọ wọn wà lájò, àti àwọn àlejò tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní abà, agbára wọn lè má ká èyí. Ọ̀wẹ̀ làwọn bàbá wa fi ń kọ́lé. Kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan yẹ òrùlé wọn wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì bẹ ọ̀wẹ̀ fún wọn.

Nàìjíríà ṣe Òfin Àyípadà Ojú Ọjọ́ ní 2021. Tí ìjọba bá pè wá sí ìpàdé lórí rẹ̀, ká má bèèrè ajílẹ̀ nìkan. Ká bèèrè páànù, wáyà àti sìmẹ́ńtì fún àwọn wọ̀nyí kí ìjì tó dé, kì í ṣe ráìsì àti bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn tí ilé ti ṣí.

Àgbàrá òjò kò ní òun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ọmọ yín ni mo jẹ́. Ẹ̀yin lẹ ni òwe. Òjò ire la ó rí.