Ìbọn Ọkọ̀ Òfuurufú Lóru

Tí ọkọ̀ òfuurufú ogun bá yìnbọn lóru, ṣé a lè rí i nílẹ̀? A lè rí i dáadáa. Àmọ́ iná la ń rí, kì í ṣe ọta.

Iná kan ń bù yẹ̀rì lẹ́nu ìbọn. Òmíràn ń jó nídìí àwọn ọta kan, kí awakọ̀ lè mọ ibi tí ìbọn rẹ̀ ń lọ. Òun ló ń fa ìlà iná lójú ọ̀run. Ọta púpọ̀ ò ní iná yìí, wọ́n á kọjá láìsí ẹni tó rí wọn. Mo tún un sọ: iná la ń rí, kì í ṣe ọta.

Iná ẹnu ìbọn ń dí awakọ̀ lójú. Ẹni tó tẹjú mọ́ iná wẹ́dà, tó wá gbójú kúrò, òkùnkùn ló ń rí.

Nígbà Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà, ìbọn ńlá mẹ́ta ló wà nímú MiG-17, ọkọ̀ òfuurufú ogun ìjọba àpapọ̀. Ọ̀sán ni ọkọ̀ náà lágbára jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Uli ní Biafra fi ń balẹ̀ lóru, tí wọ́n ń tan iná pápá fúngbà díẹ̀, tí wọ́n á tún pa á. Àmọ́ ní June 5, 1969, ọkọ̀ òfuurufú Red Cross kan gbéra kí ilẹ̀ tó ṣú. MiG kan yìn ín lulẹ̀ nítòsí Eket. Oúnjẹ àwọn tí ebi ń pa ló gbé. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló kú.