ORÚKỌ TÍ A FI Ń TA ÒKÚTA
Ọ̀rọ̀ lórí rírà ìlẹ̀kẹ̀ àti òkúta iyebíye, àti bí a ti í dá ojúlówó mọ̀, tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa

Nígbà tí Akọ̀wé wa ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni n ó sọ, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n sọ ti ìlẹ̀kẹ̀ àti òkúta iyebíye. Kò sí ọdún tí a kì í ṣe ìgbéyàwó tàbí ìwúyè nínú ìlú yìí, ìwọ̀nba sì ni èyí tí a ṣe tí ẹnìkan kò fi owó ra ohun tí kò mọ̀. Àwọn ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi ń fi owó ránṣẹ́ pé kí a bá wọn ra iyùn. Àwọn ọ̀dọ́ wa mìíràn sì ń fi owó iṣẹ́ wọn ra òkúta wẹ́wẹ́ tí a kò tíì fi sí òrùka, ní ìrètí pé wọn yóò tà á jèrè. Bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ẹ̀kọ́ ni fún ará ẹ̀yìn. Èmi tí mo dúró níwájú yín yìí ti jìn sí i rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo fẹ́ fa ọmọbìnrin mi fún ọkọ, mo lọ sí ọjà kan, mo sì ra okùn iyùn mẹ́ta. Ẹni tí ó tà á fún mi búra pé láti inú òkun ni a ti mú un wá, owó tí ó sì gbà kò kéré sí owó oṣù mi kan. Ní ọjọ́ ìdána, bí oòrùn ti mú tí òógùn sì bo ọmọ náà, ni pupa iyùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sí aṣọ funfun tí ó wọ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó rí i. Àwọn àna mi kò sọ nǹkankan, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ wọn dùn mí ju èébú lọ.

Àdánù tí ó tẹ̀lé e ni ó burú jù. Ìyá mi tí ó ti di olóògbé fi àpótí ìlẹ̀kẹ̀ kan sílẹ̀ fún wa. Lẹ́yìn ìtìjú ọjọ́ náà, àwọn ará ilé mi ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a má tún fi ayédèrú sí ọrùn mọ́. Àbúrò mi kan na okùn ìlẹ̀kẹ̀ gígùn aláwọ̀ aró kan sí ojú oòrùn, ó rí àwọn ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké nínú rẹ̀, ó sì wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, gíláàsì lásán ni èyí.” Ni a bá tà á fún oníṣòwò kan tí ń kiri, ní iye tí kò tó owó àpò ìrẹsì kan. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ṣẹ̀gi ni. Òótọ́ ni àbúrò mi sọ, gíláàsì ni. Ṣùgbọ́n gíláàsì ni ṣẹ̀gi ti jẹ́ láti ayébáyé, àwọn ọba wa sì ń fi í ṣe ẹ̀yẹ.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí ni èyí: kì í ṣe gíláàsì ni ayédèrú. Orúkọ tí kì í ṣe ti ohun kan tí a fi ń tà á ni ayédèrú. Gíláàsì tí a pè ní gíláàsì kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gíláàsì tí a pè ní rúbì ni olè.

Ẹ wo mẹ́ta nínú àwọn ohun tí àwọn baba ńlá wa kà sí iyebíye. Èkíní ni ṣẹ̀gi, tí í ṣe ọmọ iná. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius ará Jámánì wá sí Ilé-Ifẹ̀, ó sì rí àwókù ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì ní Igbó Olókun. Ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó kò gbà nígbà náà pé ọwọ́ dúdú lè ṣe gíláàsì fúnra rẹ̀. Wọ́n ní a kàn ń yọ́ ti àwọn àjèjì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé ọmọ Yorùbá kan, Abídèmí Babalọlá, wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní ọdún 2011 àti 2012, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 lọ, ó sì fi hàn pé láti inú ohun èlò agbègbè Ifẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe gíláàsì náà, kí òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etí òkun wa.

Èkejì ni lántánà, tí í ṣe ọmọ ilẹ̀. Òkúta pupa líle ni. Àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Ìlọrin a máa lù ú sí wẹ́wẹ́, wọn a máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ dá ihò sí i, wọn a sì máa yún un lórí òkúta títí yóò fi dán. Láti Ọ̀yọ́ Ilé ni àwọn ìran wọn ti gbé iṣẹ́ náà wá. Ẹ̀kẹta ni iyùn, tí í ṣe ọmọ òkun. Kì í ṣe òkúta, kì í ṣe gíláàsì. Egungun àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi ni, láti òkun Mẹditaréníà sì ni pupa rẹ̀ tí ó lókìkí jù ti wá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó níyì, olúkúlùkù lábẹ́ orúkọ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iyùn, nítorí òun ni a ń rà jù. Àwọn tí ń tà á a máa ṣáná sí i lójú wa láti fi dá wa lójú. Ẹ má jẹ́ kí èyí tàn yín. Ike ni iná í mú. Gíláàsì àti òkúta tí a pa láró yóò la iná náà kọjá bí ojúlówó. Ohun tí ẹ óò ṣe nìyí. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́: ike fúyẹ́, ó sì tètè ń gba ooru ara. Ẹ fi awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá wò ó: iyùn tòótọ́ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tò lọ bí ìlà ara igi, ti ike sì lè ní ojú oríkèé níbi tí a ti pa á pọ̀. Ẹ fi òwú funfun bọ inú omi tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná, kí ẹ sì fi nu ibi kọ́lọ́fín kan lára rẹ̀. Bí pupa bá bá òwú lọ, aró ni. Ìbá ṣe pé mo mọ èyí, ojú kì bá tí tì mí. Ní ìkẹyìn, ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí ẹ̀bá ihò rẹ̀; iyùn yóò hó wuruwuru, gíláàsì àti ike kì yóò hó. Kí ẹ tètè fi omi ṣàn án, nítorí ọsàn a máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìkarahun àti iyùn funfun tí a pa láró náà a máa hó. Nítorí náà, ẹ má fi ìdánwò kan ṣoṣo dájọ́.

Nísinsin yìí, ó kan òkúta wẹ́wẹ́. Ìlà ọkọ̀ ojú irin tuntun tí a ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 gba Àgbàdo wa yìí kọjá lọ sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn, Òjóò tí ọjà òkúta iyebíye wà kò sì jìnnà sí Mọ́níyà. Túmálínì, tí ó lè jẹ́ pupa, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró, ń jáde láti inú ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì ti gba ibẹ̀ dé ọjà àgbáyé. Àwọn òkúta kéékèèké inú rẹ̀, àti àwọn tí ó ní àbùkù díẹ̀, kì í wọ́n jù fún tálákà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé inú àpáta líle àtijọ́ ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti í wá. Yanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun bí ti Ewékorò ni ilẹ̀ tiwa. Bí ẹnìkan bá wí pé òun wa rúbì nínú oko kan ní Ifọ̀, ẹ kí i, kí ẹ sì kọjá lọ.

Kárátì ni a fi ń wọn òkúta; 5 kárátì ni gíráàmù 1. Ìdánwò tí kì í ba òkúta jẹ́, tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì lè ṣe, ni ti omi, tí Archimedes ará Gíríìsì kọ́ ayé. Ẹ wá òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Ẹ wọn òkúta náà. Ẹ jẹ́ kí a wí pé ó jẹ́ gíráàmù 5.30. Ẹ gbé ife omi lé òṣùwọ̀n, kí ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so òkúta náà rọ̀ sínú omi, kí ó rì, ṣùgbọ́n kí ó má kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Bí òṣùwọ̀n bá fi 1.73 hàn, ẹ fi í pín 5.30, ìdáhùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 3.06. Ti túmálínì nìyẹn. Ti quartz jẹ́ 2.65, ti tópásì súnmọ́ 3.5, ti rúbì àti sáfáyà jẹ́ 4.0. Bí ẹni tí ń tà á bá ti pè é ní rúbì, omi ti já irọ́ rẹ̀.

Ẹ fi awò wò ó pẹ̀lú. Ihò afẹ́fẹ́ róbótó inú rẹ̀ ń tọ́ka sí gíláàsì. Etí gíláàsì gígé a máa tètè kú, nítorí kò le tó òkúta. Nínú ìwọ̀n líle tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀ ní ọdún 1812, láti 1 dé 10, gíláàsì kì í ju nǹkan bí 5.5 lọ, quartz jẹ́ 7, rúbì jẹ́ 9, dáyámọ́ńdì jẹ́ 10. Síbẹ̀, ẹ má fi nǹkan họ òkúta tí a ti gé. Bí ó tilẹ̀ le, ó lè ṣẹ́. Ẹ yí túmálínì sọ́tùn-ún sósì nínú ìmọ́lẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ sábà ń dúdú sí i ní apá kan ju apá kejì lọ. Gíláàsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní ibi tí agbára ìdánwò ilé pin sí. Ní ọdún 1902, Auguste Verneuil ará Faransé kéde bí a ti lè fi iná ṣe rúbì. Èyí jẹ́ rúbì ní ìwọ̀n àti ní líle, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ṣe é, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti inú ilẹ̀. Omi kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, òkúta tí owó rẹ̀ bá tó owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, ẹ má rà á láìjẹ́ pé onímọ̀ tí kì í ṣe ará ẹni tí ń tà á ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo fẹ́ fi ìmọ̀ràn mẹ́ta parí ọ̀rọ̀ mi. Èkíní, kí ẹ gba ìwé owó, kí orúkọ òkúta gan-an sì wà nínú rẹ̀, kí a kọ bóyá ti inú ilẹ̀ ni tàbí àfọwọ́ṣe, àti bóyá a ti pa á láró. Ẹni tí yóò fi ẹnu búra ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Èkejì, ẹ̀yin ọ̀dọ́, Òfin Ohun Àlùmọ́nì ti ọdún 2007 fi ohun inú ilẹ̀ sí ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀. Ẹ má ra òkúta àìgé ní ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ. Ẹ̀kẹta, ẹ lọ ṣí àpótí àwọn ìyá yín. Ẹ bi àwọn àgbà tí ó kù léèrè orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì fi sínú àpótí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ta ṣẹ̀gi ní owó gíláàsì lásán bí tiwa.

Ògidì ìlẹ̀kẹ̀ kì í pariwo. Ẹni tí ń tà á ni í pariwo, ẹni tí yóò rà á ni ó sì yẹ kí ó ní sùúrù. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a fi owó ra ìtìjú, kí ó sì máa mú Àgbàdo àti Ẹgbẹ́ wa gbèrú.