Ọmọdé Nínú Ìdákẹ́jẹ́ẹ́: Ìjọsìn àti Ẹ̀kọ́ Ìsìn Láàárín Àwọn Quaker

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ ìjọ Kristẹni kan tí kò gbilẹ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, èyí tí ń pe ara rẹ̀ ní Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀rẹ́, tí gbogbo ayé sì mọ̀ sí Quaker. Ó sì jẹ mọ́ ìbéèrè kan tí kò tíì fi ìjọ náà lọ́rùn sílẹ̀ láti ìgbà ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀: níbo ni ọmọdé yóò jókòó sí nígbà tí àgbà bá ń jọ́sìn?

Ẹni tí kò bá tíì wọ ilé ìpàdé wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí lè má tètè mọ ìdí tí ìbéèrè náà fi le. Kò sí pẹpẹ níbẹ̀, kò sí dùùrù, kò sí àlùfáà alágbádá. Àwọn ènìyàn a wọlé, wọn a jókòó kọjú sí ara wọn, wọn a sì dákẹ́ fún bíi wákàtí kan, wọn a máa dúró de Ọlọ́run. Bí Ẹ̀mí bá ru ẹnì kan sókè, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, onítọ̀hún a dìde, a sọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí a fi sí i nínú, a sì padà jókòó. Nígbà tí àkókò bá pé, àgbà méjì a bọ ara wọn lọ́wọ́, ìsìn parí nìyẹn. George Fox, ọmọ ahunṣọ ará Leicestershire tí a bí ní ọdún 1624, ẹni tí ó gun òkè Pendle ní 1652 tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ lọ kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni ó la ọ̀nà yìí fún wọn, tí ó ń wàásù pé ìmọ́lẹ̀ Kristi ń bẹ nínú olúkúlùkù ènìyàn, kò sì sí ẹni tí a ní láti sanwó fún kí ó tó lè bá wa rí i. Nítorí náà wọn kì í fi omi ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, wọn kì í sì í pín àkàrà àti wáìnì.

Ẹ wá gbé e yẹ̀ wò. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ń bẹ nínú olúkúlùkù, a jẹ́ pé kò dúró kí irùngbọ̀n hù kí ó tó wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní i, gẹ́gẹ́ bí baba ńlá rẹ̀ ti ní i. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta kan náà kò lè jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan, kò sì sí orin tí yóò gbé e dání, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwàásù tí ìyá rẹ̀ yóò túmọ̀ sí i létí. Ìgbàgbọ́ ní kí ó wọlé, ìlànà ń tì í síta. Ohun tí mo gbà, tí mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò, ni pé ọmọdé kì í ṣe ẹni tí a ń sìn dàgbà kí ó lè wá di olùjọsìn bí ó bá di ọ̀la: olùjọsìn ni lónìí, ìjọ tí ó bá sì rán an jáde kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àgbà má baà bàjẹ́, ìgbàgbọ́ ara rẹ̀ ni ó ń dín kù.

Ìtàn tiwọn fúnra wọn ni mo pè lẹ́rìí. Ní 1664, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka àpéjọ ìsìn tí kì í ṣe ti ìjọ ìjọba léèwọ̀, bí àwọn tí ó wá síbẹ̀ láti ìta agbo ilé bá ti tó márùn-ún. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 1670, kí ó lè múná sí i. Àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 16 ni òfin náà mú. Ó dà bí ẹni pé kò wá sí ọkàn àwọn tí ó ṣe é pé ọmọdé lè dá ìpàdé ìsìn dúró. Nígbà tí ó di 1682, ní ìlú Bristol, wọ́n kó àwọn Quaker sẹ́wọ̀n, ọkùnrin àti obìnrin, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò ku àgbàlagbà kan tí yóò wá jókòó ní ọjọ́ ìsìn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsìn kò yẹ̀. Àwọn ọmọ jáde láti ilé tí baba kò sí, tí ìyá kò sí, wọ́n kó ara wọn jọ ní àkókò tí àwọn òbí wọn máa ń kó ara wọn jọ, wọ́n sì dákẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Helliar, tí ó gba inúnibíni náà kanrí, kan àbà mọ́ àwọn ọmọkùnrin lẹ́sẹ̀, ó fi ọ̀pá egungun àbùùbùtán nà wọ́n, ó sì kó díẹ̀ lára wọn, takọtabo, lọ sí ilé ìbániwí. Bí wọ́n bá ti dá wọn sílẹ̀, ìpàdé ni wọ́n ń padà sí. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ìlú Reading ṣáájú ìgbà náà.

N kò sọ ìtàn yìí kí a lè máa yin ìyà. Àwa tí a ń pe ọmọ ní iyùn, tí a ń pè é ní idẹ, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ pé a fi àbà kan ọmọ ẹni tí ara rẹ̀ kò ní bù máṣọ. Ìbéèrè mi ni èyí: ta ni ó kọ́ wọn? Àwọn òbí wà lẹ́yìn ògiri ẹ̀wọ̀n, wọn kò lè pàṣẹ. Kò sí ìwé àdúrà tí wọn ìbá ṣí. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àti baba wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìpàdé náà ti di tiwọn. Bí ẹnìkan bá ti ń kó wọn lọ sí yàrá ẹ̀yìn láti ìgbà tí wọ́n ti ń rá, mo ṣiyèméjì bóyá wọn ìbá mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe.

Síbẹ̀, ìjókòó nìkan kò tó. Ní 1737 àwọn Quaker ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n ń pinnu ìjọ tí yóò máa bọ́ aláìní kọ̀ọ̀kan, gbà pé ọmọ a máa jẹ́ ọmọ ìjọ tí baba rẹ̀ wà, láti ọjọ́ tí a bí i; ẹ̀tọ́ àbímọ́ni yìí sì wà láàárín wọn títí di 1959. Inú àánú ni ó ti wá, ṣùgbọ́n ó mú oorun lọ́wọ́. Ẹ wo Elizabeth Gurney ará Norwich, tí a wá mọ̀ sí Elizabeth Fry: ọmọ olówó ni, ọmọ Quaker ni láti inú wá, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sì ń sú u bí ó ti ń sú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Ní oṣù kejì 1798, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó wọ bàtà elésè àlùkò tí okùn rẹ̀ pupa yòò lọ sí ìpàdé; William Savery tí ó ti Amẹ́ríkà wá dìde, ó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wọ ọmọbìnrin yìí lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sunkún lọ sílé. Òun náà ni ó wá wọ ẹ̀wọ̀n Newgate ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ó yá, tí ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 1817 fún àwọn ọmọ tí ń gbé inú ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú ìyá wọn. Gbogbo ọdún tí ó fi jókòó ṣáájú ọjọ́ Savery kò ṣòfò lójú tèmi, ṣùgbọ́n ó ṣàìní ẹni tí yóò bá a sọ ohun tí ìjókòó náà wà fún.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni èyí. Fox mọ̀ ọ́n. Ní 1668 ó gbìmọ̀ràn kí a dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Waltham àti ní Shacklewell, kí àwọn ọmọbìnrin má ṣe gbẹ́yìn. John Fothergill, oníṣègùn, sì dá Ackworth sílẹ̀ ní 1779 fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí òbí wọn kò lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ẹ̀kọ́ ìsìn, ẹ̀rù a máa ba àwọn Quaker kan pé bí àgbà bá fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ lẹ́nu, ọmọ lè kó ọ̀rọ̀ sórí bí ayékòótọ́, kí ó má sì fetí sí ohùn tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, bí ilé náà tilẹ̀ jẹ́ ti Ọlọ́run. Ọ̀nà tí Rufus Jones gbà dàgbà ni ó tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ní abúlé South China ní Maine ni a bí i ní 1863. Nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní 1902, ó ṣàlàyé bí gbogbo ilé wọn ti máa ń ka Bíbélì ní òwúrọ̀, tí wọn a sì dákẹ́ papọ̀ kí oníkálùkù tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ti mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nínú ilé kí ó tó bá a pàdé nínú ìjọ.

Ọ̀kan nínú àwọn Quaker tilẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Hannah Kilham ará Sheffield, tí ó di Quaker ní 1803, gbà pé èdè abínibí ọmọ ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó lọ sí Sierra Leone, níbi tí a ti ń kó àwọn tí a gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú sọ̀ kalẹ̀. Ó sì gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn ní nǹkan bí ọgbọ̀n èdè, ó tẹ̀ wọ́n jáde ní 1828, èdè Àkú sì wà nínú wọn, èdè àwọn ènìyàn wa tí ogun kó lọ, ọdún 15 ṣáájú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde. Ní Charlotte, ní Sierra Leone kan náà, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin tí a gbà là. Orí òkun ni ikú ti mú un ní 1832. Bí Ọlọ́run bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú, èdè ìyá ọmọ ni yóò kọ́kọ́ fi bá a sọ ọ́: bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe lóye iṣẹ́ obìnrin yìí.

Lónìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ a máa bá àgbà jókòó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn a sì jáde lọ sí ìpàdé tiwọn. Níbòmíràn, ìgbà tí ìsìn bá ń parí lọ ni wọ́n ń wọlé. Nínú yàrá wọn, olùkọ́ a fi ère igi kékeré sọ ìtàn fún wọn lórí ilẹ̀, a sì bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo, kí olúkúlùkù lè ro tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó bá ìgbàgbọ́ Quaker mu gan-an ni èyí. Ní Kenya, níbi tí iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní Kaimosi ní 1902, tí Quaker sì pọ̀ jùlọ ní gbogbo ayé, orin àti ìwàásù wà, ọmọ a sì máa kọrin láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìṣòro tibẹ̀ kò rí bákan náà.

Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà di àkókò tí àgbà ń fara dà, kí ọmọ tó jáde kí ìsìn gidi tó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìwé ìmọ̀ràn àwọn Quaker ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sọ fún ìjọ pé kí ó yọ̀ sí àwọn ọmọ, kí ó sì ka ẹ̀bùn tí wọ́n mú wá sí, ó sì fi ìtọ́jú wọn lé gbogbo ìjọ lọ́wọ́. Gbogbo ìjọ, ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe ìyá méjì tàbí mẹ́ta tí ń ti ìpàdé bọ́ sí yàrá ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí àwọn fúnra wọn kò fi ní ibi ìjọsìn mọ́. Kí àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń dún nínú ìpàdé gba ipò náà ní àgbàtúngbà, ọkùnrin bí obìnrin. Kí wọ́n sì ya wákàtí kan sọ́tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, nínú ilé ìpàdé kan náà, fún àwọn tí wọ́n bá àwọn ọmọ jókòó ní Ọjọ́ Ìsinmi.