Ìwà Ẹni Níbi Ìjà

Bí ìwà wa ti rí ni ìjà wa ń rí: onínúfùfù a bú jáde, ẹlòmíràn a dákẹ́ di kùnrùngbùn, onísùúrù a tẹ́tí.

Ẹ rántí Àpérò Orílẹ̀-èdè wa ní Kútọnù, oṣù kejì ọdún 1990. Nígbà tí àpérò náà kéde pé ọwọ́ òun ni àṣẹ wà, inú bí àwọn ológun kan. Olóògbé Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza, alága, fi sùúrù bá Ààrẹ Mathieu Kérékou sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 28, Ààrẹ gba ìpinnu náà. Ogun kò ṣẹlẹ̀.

Bí aáwọ̀ ilẹ̀ tàbí ogún bá wọlé yín, ẹ jẹ́ kí onísùúrù jókòó láàárín, kí onínúfùfù kọ́kọ́ mu omi tútù, kí ẹ sì bi ẹni tí ó dákẹ́ léèrè ọ̀rọ̀.