Ìwé tí a kò bá bi léèrè, kí a má tẹ̀ka sí i

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn ìjòyè ní Sakété

  

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni ẹgbẹ́ ní kí a sọ lónìí. Kì í ṣe ti ABD o. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló mọ̀wé kà báyìí. Wọ́n á ka lẹ́tà Faransé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnu wọn á máa yọ̀. Ẹ wá bi wọ́n pé kí ni ìwé náà ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa, wọ́n á máa wo ojú yín. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa tí kò dé ilé ìwé rí, bí ẹ bá gbé ẹjọ́ síwájú wọn, wọ́n á béèrè ìbéèrè títí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ohun tí a wá sọ kò ju èyí lọ: kí a máa bi ìwé léèrè bí àgbà ṣe ń bi ẹni tó gbé ẹjọ́ wá.

Ìwé ti ṣe wá rí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé kan ní Paris, wọ́n fi pín ààlà láàárín Àjàṣẹ́ àti Èkó. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí àwa máa kọ Faransé, tí àwọn ẹbí wa ní Ìlaró àti Ìpókíá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọmọ ilẹ̀ yìí kankan nídìí tábìlì yẹn. Ní ti Kútọ̀nú, ọdún 1868 àti 1878 ni àwọn aṣojú ọba ní Ouidah bá Faransé fọwọ́ sí ìwé. Faransé ní wọ́n ti fi Kútọ̀nú fún òun. Ọba Glèlè kò gbà, ó ní òun kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fi ilẹ̀ tọrẹ. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wà lára ohun tó dá ogun sílẹ̀ ní 1890. Ṣé ẹ rí i? Ìka ọwọ́ ẹni díẹ̀, odindi ìlú ló jìyà rẹ̀.

Lónìí, ilẹ̀ ni ìwé ń lé kiri lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ á gbé convention de vente wá, á ní kí bàbá àgbà tẹ̀ka, á ní ọkọ̀ ń dúró de òun. Àwa tí a ti bá ìwé ìjọba ṣiṣẹ́ títí a fi fẹ̀yìn tì, ìbéèrè márùn-ún la mú wá fún yín.

Èkíní: ta ló kọ ọ́, ta ló sì fọwọ́ sí i? Ìsàlẹ̀ ìwé ni kí a ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹni tó fọwọ́ sí i láṣẹ? Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ìdílé, ọmọ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá tẹ̀ka fún gbogbo ilé. Ọ̀ràn Glèlè ló tún padà wá yẹn.

Èkejì: ọjọ́ wo ni wọ́n kọ ọ́? Òfin ilẹ̀ Benin tó jáde ní 14 oṣù kẹjọ 2013, tí à ń pè ní code foncier et domanial, sọ pé certificat de propriété foncière ni ìwé tó múlẹ̀. Ní 2017, wọ́n tún òfin náà ṣe, titre foncier sì padà bọ̀ sípò. Ẹni tó bá ka ti 2013 nìkan, tó wá ń gba ìdílé nímọ̀ràn, á ṣì wọ́n lọ́nà, bẹ́ẹ̀ kò parọ́. Ìwé rẹ̀ ló ti gbó.

Ẹ̀kẹta: irú ọ̀rọ̀ wo ló wà nínú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ kékeré ló ń pa ni. Bí ìwé ilé iṣẹ́ kan bá ní òun "peut" gbẹ́ kànga fún abúlé, ó lè gbẹ́ ẹ, ó sì lè má gbẹ́ ẹ. Bí ó bá kọ "s'engage à", ìlérí nìyẹn. Bí ẹ bá rí "sous réserve de", ẹ dúró, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì: ó ń fún yín lọ́wọ́ ọ̀tún ni, ó fi okùn so ó sọ́wọ́ òsì.

Ẹ̀kẹrin: kí ni kò sọ? Ṣé iye owó wà níbẹ̀? Ṣé ìwọ̀n ilẹ̀ wà níbẹ̀, àti orúkọ àwọn tí wọ́n jọ bá a pààlà? Àyè òfìfo tí wọ́n ní àwọn máa kọ nǹkan sí lẹ́yìn, ẹ má tẹ̀ka sí i láéláé.

Ẹ̀karùn-ún: ìwé mìíràn ńkọ́? Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí fótò ìwé ìjọba bá wọlé lórí WhatsApp, tí kò ní ọjọ́, tí kò ní nọ́ńbà, kí a wá a nínú Journal officiel tàbí kí a béèrè ní mairie kí a tó máa pariwo láàrin ìlú. Bákan náà ni nígbà ìbò. Ẹ gbé ìwé ẹgbẹ́ òṣèlú méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èwo ló sọ ibi tí owó yóò ti wá? Èwo ló kàn ń yìn ara rẹ̀? Ẹgbẹ́ tí a fẹ́ràn gan-an ni kí a bi léèrè jù, torí òun ló rọrùn fún láti tàn wá.

Àwọn kan á sọ pé ìbéèrè púpọ̀ ń lé olówó sá. A gbọ́. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tó mọ́ kì í bẹ̀rù ìbéèrè. Ẹni tí ìbéèrè bá lé lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún nìyí. Kí ìwé ilẹ̀ kankan má kúrò nínú ilé lọ́jọ́ tó wọlé. Kó sùn níbẹ̀. Kí ọmọ kan kà á ní Faransé, kí ọmọ kejì tú u sí Yorùbá ketekete, kí àgbà béèrè, kí àwọn obìnrin ilé náà wà níjòkòó, torí àwọn náà ń jẹ nínú ilẹ̀ yẹn. Ibi tí ọmọ kò bá ti lè tú u, ibẹ̀ ni kò yé e, ibẹ̀ náà ni kí a gbé lọ bá amòfin. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ ní Faransé lẹ́nu, àgbà mọ ìtàn ilẹ̀. Ìkan nínú wọn kò tó.

Ẹ̀yin Kábíyèsí àti ìjòyè, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń wá gba ẹlẹ́rìí. Bí ẹ bá pinnu pé ẹ kò ní fọwọ́ sí ìwé tí wọn kò kọ́kọ́ tú sí Yorùbá níwájú ìdílé tó ni ilẹ̀, ìwà ìkánjú yẹn á dín kù ní Sakété. Àṣẹ yín ni, kò sì ná yín lówó.

Ilẹ̀ tó bá ti lọ kì í padà bọ̀rọ̀.