Sitirọ́bẹ́rì Jos: Ta Ló Ń Jèrè Rẹ̀?

[Ariwo ọjà díẹ̀, kó rọlẹ̀]

ATỌ́KÙN: Jenta Adamu nílùú Jos la wà. Ilé fún mọ́ra wọn níbí débi pé oko ò ríbi dúró. Síbẹ̀, bí ọyẹ́ bá ti mú, sitirọ́bẹ́rì á wọ ìgboro. Chaha, lápá Vom, ni wọ́n ti ń gbìn ín. Jos fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju òkun lọ, òtútù ibẹ̀ ló jẹ́ kí èso yìí gba ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kórè rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ ní í fa omi sí i. Káàkiri òkè Plateau, àgbẹ̀ ń fa omi nínú kòtò ńlá tí àwọn oníkùsà gbẹ́ sílẹ̀.

Ìdájí ni wọ́n ń já a. Igi tín-ín-rín tó so ó rọ̀ ni wọ́n ń fi èékánná gé, kí ewé tó dé e lórí má baà re. Inú ike pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tò ó sí. Bó bá ga jù, tìsàlẹ̀ á fọ́. Láìsí òtútù, láàárín ọjọ́ méjì, ó ti ń rọ̀.

[Orin, kó rọlẹ̀]

Nínú bó ṣe ń tètè rọ̀ yìí gan-an ni èrè ti ń bọ́ mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Abuja àti Èkó ń fẹ́ èso yìí, àmọ́ ẹni tó ní ọkọ̀ olótùútù ló ń dá iye lé e. Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé ọjà òun á bàjẹ́ lọ́la ò lè dúró nájà.

Ti òkè òkun wá ńkọ́? Ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọjà títà sókè òkun, kí NAQS, àjọ tó ń yẹ irè oko wò, sì fún ẹrù níwèé pé kò ní kòkòrò. Owó bàálù tún ń bẹ níwájú. Lásìkò ọyẹ́ yìí kan náà, Sípéènì, Mòrókò àti Íjíbítì ti ń kó tiwọn dà sí ọjà Yúróòpù, ọ̀nà wọn ò sì jìn tó tiwa.

Oògùn oko tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2015, Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà nítorí dichlorvos, oògùn apakòkòrò kan. Ní oṣù Kejìlá 2016, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ dá kíkó ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ sí Yúróòpù dúró, torí ethephon, oògùn tí wọ́n fi ń mú kí èèpo rẹ̀ pọ́n, ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọdún 2017 ni wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó Allada ní Bẹ̀nẹ̀ níbẹ̀, tó dùn gan-an, èèpo rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀ nígbà tó bá ti gbó!

Èmi ò ní sọ fún àgbẹ̀ Chaha pé kó sáré lọ Yúróòpù. Ilé òtútù kan létí oko, tí iná oòrùn ń mú ṣiṣẹ́, tí àwọn àgbẹ̀ dáwó jọ kọ́, ni mo fẹ́ kó ṣáájú. Nígbà náà, bí oníbàárà Abuja bá ní owó ti wọ́n jù, àgbẹ̀ á lè ní kó lọ rò ó wò, kó padà wá lọ́la.

[Orin ìparí]