Àwòrán Ara Ògiri Kan ní Dọ̀pẹ̀mú

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Dọ̀pẹ̀mú ló fa ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ó kọ àpilẹ̀kọ lórí iṣẹ́ Ben Enwonwu, ó lẹ àwòrán Tutu mọ́ ọn, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Tutu, láti ọwọ́ Enwonwu.” Kò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá ṣàlàyé pé àwọ̀ aró tó bo ojú ọmọbìnrin náà ni ayàwòrán fi sọ ìbànújẹ́ rẹ̀.

Mo bi í pé, “Níbo lo ti rí i?”

Ó ní, “Lára ògiri ilé ẹ̀gbọ́n màmá mi ni, sà, ní ìdojúkọ fèrèsé.”

Ẹ gbọ́ ná. Tutu mẹ́ta ni Enwonwu yà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà tó pàdé Adétutù Adémilúyì, ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀, ní 1973. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, aráyé kò mọ ibi tí àwọn àwòrán náà wọlẹ̀ sí. Ìparí 2017 ni wọ́n tó rí ọ̀kan, èyí tó yà ní 1974, nínú fúláàtì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Bonhams lu ú ní gbàǹjo ní oṣù kejì 2018, owó rẹ̀ sì lé ní £1,200,000. Kì í ṣe èyí ló wà ní Dọ̀pẹ̀mú! Ẹ̀dà tí ẹ̀rọ tẹ̀ sórí pépà ni, irú èyí tó kún ilé wa láti ọjọ́ pípẹ́. Oòrùn a sì máa jẹ àwọ̀ pupa àti ìyeyè kúrò lára irú pépà bẹ́ẹ̀, á wá ku aró. Iṣẹ́ oòrùn ni ọmọ yìí kà sí Enwonwu lọ́rùn.

Kí ni ìbá kọ? Orúkọ ayàwòrán, àkọlé, ọdún, àti pé ọ̀dà olóròóró lórí kánfáàsì ni. Lẹ́yìn náà, kí ó wá jẹ́wọ́ ohun tí ojú òun gan-an rí: ẹ̀dà orí pépà, ilé àdáni, Dọ̀pẹ̀mú, ọjọ́ tó wò ó. Bó bá jẹ́ inú ìwé ló ti rí i, kí ó dárúkọ ìwé àti ojú ewé; bí ẹnì kan bá ya iṣẹ́ ọnà ní fọ́tò, a ó dárúkọ ayafọ́tò náà pẹ̀lú.

Ọmọ náà padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Ó ti tú férémù náà wò. Kò sí ọdún lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí orúkọ ilé ìtẹ̀wé.

Mo ní, “Kọ ìyẹn náà sílẹ̀.”